Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Ìgbésí Ayé Wa Sílẹ̀ Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ẹ̀kọ́ fún ìjókòó àsálátù àti fún ìdílé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó fún ọmọ ènìyàn ní ọgbọ́n ìwé kíkọ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí nǹkan kan tí kò ju ìwé kan àti báírò kan lọ, ṣùgbọ́n tí àìṣe rẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé pàdánù ilẹ̀, owó àti ẹbí. Nǹkan náà ni pé kí ènìyàn máa kọ ìgbésí ayé ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó máa ronú sí i, kí ó sì fa ẹ̀kọ́ yọ nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Bí àgbàlagbà kan bá kú láàárín wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. A ó wẹ̀ ẹ́, a ó kírun sí i lára, a ó sì sin ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn fìdáù ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún wo ni bàbá dé Zaria? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ sí? Nígbà tí wọ́n ra ilẹ̀ yìí, ta ni ẹlẹ́rìí? Ta ni ó jẹ wọ́n lówó, ta ni wọ́n sì jẹ? Agboolé wo ni wọ́n ti wá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin tàbí ní Ìsẹ́yìn? Àwọn ọmọ á máa wo ojú ara wọn. Àbúrò bàbá tí ì bá dáhùn ti ṣáájú wọn lọ. Ọ̀rẹ́ wọn tí ó kù ti di arúgbó, kò rántí dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ tí a ń gbé ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó dàgbà sí ìlú baba rẹ̀, agboolé ń bá a pa ìtàn rẹ̀ mọ́. Oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ìyá ilé. Aládùúgbò mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ bàbá bàbá rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn wa pín sí méjì. Àwọn ará ilé mọ̀ wá títí di ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀. Àwọn ará Zaria mọ̀ wá láti ọjọ́ tí a sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ apá méjèèjì ni ẹni tí ó rin ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ lọ sí sàréè, kò sí ẹni tí yóò lè so apá méjèèjì pọ̀ mọ́.

Ọdún 1911 ni ojú irin láti Baro dé Kano, Zaria ni ó sì gbà kọjá. Wọ́n sì so ojú irin tí ó ti Èkó wá pọ̀ mọ́ ọn ní Minna. Ojú irin yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti bàbá ńlá wa wá. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ báyìí. Ẹ bi ara yín léèrè: nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ojú ìwé mélòó ni ó wà nílé yín tí ó sọ bí wọ́n ṣe dé?

KÍ NI ẸSÌN WA SỌ?

Àyà tí ó gùn jùlọ nínú Alùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé kò dá lórí ìrun tàbí ààwẹ̀. Gbèsè ni ó dá lórí. Òun ni àyà 282 nínú Suratul Baqarah. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pa àwọn onígbàgbọ́ láṣẹ pé bí wọ́n bá yá ara wọn lówó di ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí, kí ó má sì sú wọn láti kọ ọ́, ìbáà jẹ́ kékeré tàbí ńlá. Bákan náà, nínú hádíìsì tí Abdullahi ọmọ Umar gbà wá, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì wa kọ́ wa pé Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ àsọsílẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé àsọsílẹ̀ náà wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bí Ọlọ́hun bá ní kí a kọ owó kékeré sílẹ̀ kí ó má baà di ìjà, ǹjẹ́ ó yẹ kí a fi ọgọ́ta ọdún tí Ó fún wa lò sílẹ̀ láìkọ?

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ríronú. Nínú Suratul Hashr, àyà 18, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan wo ohun tí ó ti tì síwájú de ọ̀la. Sayyidina Umar, khalifa kejì, sì gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n máa bá ara wọn ṣe ìṣírò kí ọjọ́ ìṣírò tó dé. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọdún bá parí, ẹ máa ń ka ọjà tí ó kù lórí pẹpẹ, ẹ máa ń wo ìwé, ẹ ó sì mọ ibi tí èrè ti wá àti ibi tí owó bá lọ. Ẹni tí kò ní ìwé yóò kàn máa sọ pé ọjà kò tà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayé wa rí. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwé ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn náà ṣeé wò.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢE É ṢÁÁJÚ WA

Onímímọ̀ ńlá kan wà ní Baghdad tí ń jẹ́ Ibn al-Jawzi. Ọdún 1201 ni ó kú, èyí tí í ṣe 597 lẹ́yìn Hijira. Oníwàásù ni, ó sì kọ ìwé púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sayd al-Khatir, tí a lè túmọ̀ sí fífi ọdẹ mú èrò ọkàn. Ìdí tí ó fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó rí i pé èrò rere máa ń wá sí ọkàn, bí ènìyàn kò bá sì fi ìwé dè é, á sá lọ. Nítorí náà, ó ń kọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń wá: èyí lórí àkókò tí ènìyàn ń fi ṣòfò, èyí lórí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, èyí lórí ọ̀rẹ́, èyí lórí bí ọkàn òun fúnra rẹ̀ ṣe ń bá a jà.

Ní ìhà tiwa níbí, Abdullahi dan Fodio, àbúrò Shehu Usman, kọ ìwé kan ní 1812 tí ó fi dárúkọ àwọn olùkọ́ tí ó kàwé lọ́dọ̀ wọn àti ohun tí ó kà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nana Asma'u, ọmọ Shehu, tí ó kú ní 1864, kọ orin arò fún àwọn obìnrin tí kò lókìkí, ó sì sọ ìwà rere wọn kí a má baà gbàgbé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè sọ pé, "Onímímọ̀ ni àwọn yẹn. Èmi ta ni? Kí ni mo ṣe láyé tí mo fẹ́ kọ?" Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé yìí wà fún.

ÌYÁ KAN NÍ ILẸ̀ ZARIA

Ní nǹkan bí ọdún 1877, wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí abúlé kékeré kan tí ń jẹ́ Karo. Baba ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin ni. Obìnrin Hausa ni, Mùsùlùmí sì ni. Àgbẹ̀ tí ń kọ́ ọmọ ní kéwú ni bàbá rẹ̀. Ìyá yìí kò joyè, kò lówó rẹpẹtẹ. Ó fẹ́ ọkọ mẹ́rin ní ayé rẹ̀, kò sì ní ọmọ tí ó yè, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹlòmíràn tọ́ ọmọ.

Ní ìparí ọdún 1949 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1950, ìyàwó onímímọ̀ kan tí ń ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Zaria bẹ̀rẹ̀ sí jókòó tì í. Mary Smith ni orúkọ obìnrin náà, ó sì gbọ́ Hausa. Ó ń béèrè, ìyá ń dáhùn, òun sì ń kọ ọ́ bí ó ti ń jáde lẹ́nu ìyá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1951 ìyá náà jáde láyé. Ní 1954 ìwé náà jáde ní London, ó sì ń jẹ́ Baba of Karo.

Kí ni ìyá yìí sọ tí ayé fi ń kà á títí di òní? Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń dáko nígbà èwe rẹ̀. Ó sọ nípa ẹrú àti ìgbà tí àwọn akónilẹ́rú láti ìhà Kontagora ń kọlu abúlé, tí wọ́n kó nínú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ. Ó sọ bí àwọn òyìnbó ṣe dé. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéyàwó, bí orogún ṣe ń bá orogún gbé, bí àwọn obìnrin ṣe ń bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn ọba àti ajẹ́lẹ̀ ti kọ tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọba kan tí ó lè sọ bí ilé ṣe rí nínú lọ́dọ̀ àwọn obìnrin abúlé ní ayé ìgbà náà. Ìyá tí kò ní ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ ni ó fi ogún yìí sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Èkíní, kò sí ohun àrà kan tí ó ṣe. Ó gbé ayé, ó rántí, ó sì sọ òótọ́. Èkejì, bí Mary Smith bá ti fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ di ọdún méjì sí i, sàréè ni ì bá bá. Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú wa lónìí. Ìyá tí ó ta aṣọ òkè tàbí ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Sabon Gari fún ogójì ọdún, tí ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ níléèwé, ìtàn rẹ̀ kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe dúró kí àjèjì kan tó wá béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI GHANA

Kí á tún wo àwọn ará wa tí ó lọ sí ìhà ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Òkè Ògùn, lọ ṣòwò ní Ghana, títí kan Tamale ní àríwá ibẹ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn kan kò sì mọ ilé mìíràn mọ́. Ní November 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé fọ́n ká. Ọjà tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ, wọ́n tà á ní àtàgbé.

Jeremy Eades, ọmọ Britain kan tí ń ṣe ìwádìí láàárín wọn ní Tamale ní ọdún náà, kọ nípa wọn. Ní 1993 ni ìwé rẹ̀ jáde. Lónìí, ọmọ-ọmọ àwọn oníṣòwò náà tí ó bá fẹ́ mọ bí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe ń ṣe òwò lè rí nǹkan kà nínú ìwé yẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ì bá ti dára tó bí àwọn fúnra wọn bá ti kọ ọ́ ní èdè wọn? Ilé kò ṣeé dì sínú ẹrù, ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé lérí. Ìwé kékeré kan kò wúwo ní ibikíbi tí a bá ń lọ.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

1. Ẹ ra ìwé kan tí ó lẹ́yìn líle, kí ẹ má sì kọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín, ti bàbá, ti ìyá, ti bàbá àti ìyá àgbà, ìlú àti agboolé yín sí ojú ìwé kìíní.

2. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ̀n ọ́n. Ṣé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960 ni? Ṣé ṣáájú April 1972 ni, nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì wá sí ọwọ́ ọ̀tún? Ṣé owó pọ́n-ùn ni ẹ ń ná nígbà náà, àbí náírà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní January 1973? Ṣé wọ́n ti ń pe ìpínlẹ̀ yìí ní Kaduna, àbí North-Central State ni ó ń jẹ́, kí 1976 tó dé? Báyìí ni ọdún yóò ṣe máa farahàn.

3. Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ kọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, oníṣòwò kan lè kọ báyìí:

"April 1984. Ìjọba pààrọ̀ owó. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa kò tó nǹkan. Èrò kún báńkì, ara mi kò sì yá. Aládùúgbò mi, ọmọ Hausa, lọ gba ipò fún mi láti ìdájí, ó sì dúró títí mo fi dé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kọ́: ilé tí a bá ń bá aládùúgbò jẹun ní ọjọ́ ọdún, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni a ń pín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe já okùn tí ó wà láàárín ilé wa àti ilé wọn."

Ẹ wò ó, kò gùn. Ọmọ tí ó bá kà á ti mọ ìtàn, ó sì ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Luqman ṣe bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú Alùkùránì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú.

4. Ẹ yan àkókò kan tí kò ní yẹ̀, bí ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìṣẹ́jú 10 ti tó. Díẹ̀ tí a ń ṣe déédéé sàn ju púpọ̀ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a fi sílẹ̀.

5. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn: Yorùbá, Hausa, tàbí ànjẹ́mí fún ẹni tí ó mọ kéwú nìkan. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ó pe ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ nínú fóònù, ṣùgbọ́n ẹ dà á kọ sínú ìwé lẹ́yìn náà, nítorí fóònù ń bàjẹ́, olè sì ń jí i.

6. Gbèsè, ilẹ̀ àti àsọsílẹ̀, ẹ ya ìwé tiwọn sọ́tọ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì ó kéré tán mọ ibi tí ìwé méjèèjì wà.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A KỌ

Kálámù ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe kọ ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun ti bò fún yín. Hádíìsì tí Abu Huraira gbà wá kọ́ wa pé ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ lóru, tí Ọlọ́hun fi aṣọ bò ó, tí òun fúnra rẹ̀ wá ń ká aṣọ náà ní òwúrọ̀, kò sí lára àwọn tí a mójú kúrò fún. Ènìyàn lè kọ ẹ̀kọ́ náà láìdárúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ó tó kí ó kọ pé, "Ẹ sá fún ọ̀rẹ́ búburú."

Èkejì, àṣírí ẹlòmíràn kì í ṣe tiwa. Ìjà tọkọtaya, àìsàn ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́: bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́nu ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé. Ti inú ìwé tilẹ̀ burú jù, nítorí ó máa ń pẹ́ ju ẹni tí ó kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, ká ṣọ́ra fún ṣekárími. Bí gbogbo ojú ìwé bá ń sọ bí a ṣe gbọ́n tó, tí a sì ṣàánú tó, kì í ṣe ìṣírò ni a ń ṣe mọ́. A ń yin ara wa ni. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi ìwé yìí gbin ìjà sáàárín àwọn ọmọ. Ìyà tí ẹ̀gbọ́n tàbí orogún fi jẹ wá, tí a ti dárí rẹ̀ jì, kí ó kú síbi tí a dárí rẹ̀ jì í sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀGBÉYẸ̀WÒ

1. Ta ni ó kọ́kọ́ dé Zaria nínú ìdílé yín, kí ni ó sì gbé e wá?
2. Kí ni nǹkan kan tí ìgbé àjò kọ́ yín tí ẹ kò bá má mọ̀ ká ní ilé ni ẹ dúró sí?
3. Àgbà wo ni ó kù nínú ìdílé yín tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì láti béèrè ọ̀rọ̀?
4. Bí ẹ bá kú lónìí, ǹjẹ́ àwọn ọmọ yín mọ ẹni tí ẹ jẹ lówó?

A rọ ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n kọ ojú ìwé kan péré, ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní, kí ìjókòó wa tí ń bọ̀ tó dé. Kí àwọn ọ̀dọ́ bá àwọn àgbà kọ ọ́. Bí ẹ bá ti kọ ìkan, èkejì kò ní nira.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjọ́ orí wa. Kí Ó jẹ́ kí ìwé tí a óò gbà ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀ jẹ́ èyí tí a óò fi ọwọ́ ọ̀tún gbà. Kí Ó forí jin àwọn bàbá àti ìyá wa tí ó ti lọ, àwọn tí a mọ ìtàn wọn àti àwọn tí Òun nìkan mọ̀. Àmín.